Jẹ́ẹ́lì aáyán inú síríǹjì: oògùn tó mọ ìwà ohun tó ń pa

Kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tí kò ráyè lè máa bá tirẹ̀ lọ: tó bá jẹ́ àwọn aáyán kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ ló gba ilé ìdáná yín, jẹ́ẹ́lì inú síríǹjì ni kí ẹ rà, kí ẹ fi oògùn fínfín sílẹ̀. Tó bá jẹ́ aáyán ńlá tó pupa rúsúrúsú, èyí tó ń gba ojú páìpù àti gọ́tà wọlé, jẹ́ẹ́lì yìí ṣì wúlò, àmọ́ iṣẹ́ mìíràn ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó mú mi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé èyí tí wọ́n kọ sára páálí oògùn náà kò tó ìdajì ohun tó yẹ kí ẹni tó fowó rà á mọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní ikọ́ fée. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà nílé rẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí: èémí á há, àyà á máa dún lóru, kò ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀, gbogbo ilé ò sì ní sùn. Òórùn oògùn fínfín a máa gbé ikọ́ náà dìde. Aáyán fúnra rẹ̀ a sì máa gbé e dìde. Ní 1997, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ oníkọ́ fée tó ń gbé àárín ìlú ńlá. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ara wọn kọ aáyán, tí yàrá wọn sì kún fún èérún rẹ̀, ni wọ́n ń dé ilé ìwòsàn jù lọ. Aáyán tó ń rìn kiri nìkan kọ́ ló ń ṣe èyí o. Ìgbẹ́ rẹ̀, itọ́ rẹ̀, awọ tó bọ́ sílẹ̀, òkú rẹ̀ tó ti rún, gbogbo wọn ló ń di eruku tí à ń fà símú. Fún ìdí èyí, lílé aáyán kúrò lójú mi kò lè tó mi. Mo fẹ́ ohun tí yóò bá wọn dé inú ihò, tí kò sì ní ní òórùn.

Inú páálí tí mo rà, síríǹjì oníke kan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tí a fi ń tì í àti ẹnu tín-ín-rín tí a ń fi sí i lórí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ rọ̀, ó sì ní àwọ̀ ilẹ̀. Èròjà tó ń pa aáyán nínú rẹ̀ ni indoxacarb, ìdá 0.6 nínú 100. Ìyókù jẹ́ oúnjẹ tí wọ́n pò pọ̀ láti fa aáyán mọ́ra. Mi ò gbọ́ òórùn kankan àfi ìgbà tí mo gbé e súnmọ́ imú. Àbúrò mi jókòó tì mí ní gbogbo àsìkò tí mo ń fi í síbi tó yẹ, kò húkọ́ rárá, ìyẹn nìkan sì ti tó fún mi láti gbóríyìn fún oògùn náà.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà. Indoxacarb kì í pa aáyán lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe wà nínú síríǹjì yẹn, kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Inú kòkòrò tó jẹ ẹ́ ló ti ń yí padà di májèlé gidi, tó sì ń dí ọ̀nà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ káàkiri ara. Aáyán tó jẹ ẹ́ máa ń ráyè padà sílé kó tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe òun. Bẹ́ẹ̀, aáyán kéékèèké kì í dá gbé. Òórùn ìgbẹ́ wọn ló ń pe àwọn yòókù wá síbì kan náà, títí wọ́n á fi kún inú pàlàpálá kan fọ́fọ́. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kì í fẹ́ jìnnà sí ihò. Ìgbẹ́ àwọn àgbà wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń jẹ òkú ara wọn, wọ́n sì ń jẹ awọ tí èkejì wọn bọ́. Májèlé tí ọ̀kan jẹ lóru á wá di ti àwọn tí kò jáde rárá. Àwọn onímọ̀ nípa kòkòrò ti fi indoxacarb dán èyí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008: ó pa èyí tó jẹ ẹ́, ó pa àwọn tó jẹ ohun tó ti ara ìyẹn jáde, ó sì tún ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn. Kò sí oògùn fínfín tí mo mọ̀ tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Mo wá náílọ́ọ̀nù pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì, nítorí ojú aáyán kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa, mo pa iná, mo sì jókòó sílẹ̀ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Mo ti kán jẹ́ẹ́lì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin tó so ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù náà mọ́ igi. Ìwo tín-ín-rín méjì ló kọ́kọ́ yọ láti ẹ̀yìn irin náà, ọ̀kan ń mì sọ́tùn-ún, ọ̀kan ń mì sókè, ara rẹ̀ kò tíì jáde. Nígbà tó wá jáde, ó fi ikùn lé igi, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ kan máa ra ògiri bó ṣe ń bọ̀. Ó dé ìdí ẹ̀kán jẹ́ẹ́lì náà, ó fi àwọn nǹkan kéékèèké tó wà lẹ́bàá ẹnu rẹ̀ kàn án, ó dúró, ó tún kàn án. Lẹ́yìn náà ló tẹrí ba sí i, kò sì gbé orí náà sókè mọ́ títí ó fi yó. Kí ó tó padà, ó fi ẹsẹ̀ iwájú fa ìwo rẹ̀ kan wálẹ̀ sẹ́nu, ó fà á kọjá láti ìdí dé ṣóńṣó, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí èkejì. Àbúrò mi tó dúró lẹ́yìn mi rọra sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ó ń fọ ara rẹ̀!” Lóòótọ́ ni. Ìwo yẹn ni aáyán fi ń gbọ́ òórùn, tó bá ti dọ̀tí, kò ní gbọ́ òórùn dáadáa mọ́, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tọ́jú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó wọlé lọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn ní ọ̀sán gangan lórí ilẹ̀, tí wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí, tí àwọn mìíràn sì ti dojú ikùn sókè, tí ẹsẹ̀ wọn ká kò. Ẹ má jẹ́ kí èyí já yín láyà, kí ẹ má sì sáré wá oògùn fínfín. Iṣẹ́ ni oògùn yẹn ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ fínfín yìí ló ń dùn mí jù, nítorí mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń fi owó wọn ṣòfò lórí rẹ̀, tó sì tún ń pa wọ́n lára. Yorùbá ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Aáyán tí a rí lórí tábìlì ni làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ náà wà nínú ògiri. Ọ̀pọ̀ oògùn fínfín ló ní irú èròjà tí wọ́n ń pè ní pyrethroid, ibi tí ó bá sì balẹ̀ sí, aáyán tí kò bá kú á yà fún ibẹ̀. Àwọn tó wà ní ìdí fíríìjì á ṣí lọ sínú yàrá. Tí ẹ bá sì fín in sí ibi tí jẹ́ẹ́lì wà, ẹ ti ba jẹ́ẹ́lì náà jẹ́ nìyẹn, aáyán kò ní fẹnu kàn án mọ́. Èyí tó burú jù ni agolo tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ láàárín yàrá, tí èéfín á bo gbogbo ilé. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà fi irú agolo bẹ́ẹ̀ wé jẹ́ẹ́lì nínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Aáyán kò dín kù níbi tí wọ́n ti lo agolo, àmọ́ oògùn náà kún orí ilẹ̀ àti orí tábìlì ìdáná. Níbi tí wọ́n ti lo jẹ́ẹ́lì, aáyán dín kù gan-an. Nígbà tí mo ka èyí, àbúrò mi ni mo ronú kàn, àti àwọn ọmọdé: orí ilẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ń rá lé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo irú aáyán tí ẹ ní. Èyí tó kéré, tí kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, tó ní ilà dúdú méjì lẹ́yìn ọrùn, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Blattella germanica. Ó ní ìyẹ́, àmọ́ kì í fò. Kì í gbé inú igbó; ilé ènìyàn nìkan ni ibùgbé rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fi hàn pé ara aáyán Éṣíà kan ló ti ya wá, ní Íńdíà tàbí Myanmar, ní nǹkan bí 2,100 ọdún sẹ́yìn, láti ìgbà náà ló sì ti ń bá wa gbé. Ohun tó ti ń bá ènìyàn gbé láti ìgbà yẹn, kò sí igun ilé wa tí kò mọ̀.

Abo rẹ̀ ló yẹ ká kíyè sí. Kì í yé ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Inú àpò kan báyìí ni ẹyin náà wà, 30 sí 40 nínú àpò kan, á sì máa gbé e kiri ní ìdí títí yóò fi kù díẹ̀ kí wọ́n pa. Àpò yẹn le, oògùn kì í sábà wọ inú rẹ̀. Ẹyin kì í sì í jẹun, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé jẹ́ẹ́lì lè pa á. Ẹni tó ta tèmi fún mi ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa lò ó, pé ó ti parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Láti inú ẹyin dé àgbà, bí oṣù mẹ́ta ni, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó bá móoru. Àwọn tó bá pa lẹ́yìn tí jẹ́ẹ́lì àkọ́kọ́ ti tán á dàgbà, wọ́n á sì bí tiwọn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò èyí tí wọ́n bá jẹ tán, kí ẹ sì máa wò ó títí páálí onígọ́ọ̀mù, èyí tí gọ́ọ̀mù ojú rẹ̀ máa ń mú aáyán tó bá gun orí rẹ̀, yóò fi máa wà lófìfo.

Páálí onígọ́ọ̀mù yìí kì í pa aáyán tán, ẹ má rà á nítorí ìyẹn. Ẹlẹ́rìí ni. Mo gbé e sí ìdí ògiri, kó fara kan ògiri gan-an, nítorí aáyán kì í fẹ́ gba àárín ilẹ̀ kọjá. Èyí tó bá mú ọ̀pọ̀ ọmọ kéékèèké tí kò tíì níyẹ̀ẹ́, ihò wà nítòsí rẹ̀. Ibẹ̀ ni jẹ́ẹ́lì yẹ kó lọ.

Ní ti bí a ṣe ń fi í síbi tó yẹ, ẹ fojú fo àwòrán tó wà lára páálí, níbi tí wọ́n ti fa ìlà gbọọrọ sí ìdí ògiri. Ẹ̀kán kéékèèké ló dára, kí wọ́n pọ̀, kí wọ́n sì súnmọ́ ihò. Aáyán fẹ́ràn ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ ti ń kan ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àlàfo mìlímítà 5 ti tó àgbà aáyán kékeré gbé. Ó tún fẹ́ ooru àti omi. Ibi tí mo fi í sí ni ìdí mọ́tò fíríìjì, ẹ̀yìn ibi ìdáná, ihò tí páìpù síǹkì gbà wọ ògiri, abẹ́ dúrọ́ọ̀, inú irin ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Níbi tí ẹ bá ti rí àmì dúdú tó tò bí ẹni fi ṣóńṣó bírò tọ́ ọ, ìgbẹ́ wọn ni, ẹ kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ má fi síbi tí ẹ fẹ́ máa fi ọṣẹ nù.

Ẹ dí omi tó ń jò pẹ̀lú. Aáyán kékeré lè gbé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láìjẹun bó bá ń rí omi mu, àmọ́ tí kò bá rí omi, kì í pẹ́ kú. Tí ilé ìdáná bá tún ń sùn pẹ̀lú àwo ẹlẹ́gbin àti èérún oúnjẹ nílẹ̀, kí ló dé tí yóò fi jẹ jẹ́ẹ́lì?

Àléébù rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Ẹnu síríǹjì náà kì í dákẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti tì í, yóò ṣì máa yọ díẹ̀díẹ̀, àfi kí a fa ọ̀pá rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ibi ìdáná tó máa ń gbóná, jẹ́ẹ́lì tètè gbẹ níbẹ̀, ó sì le gbandi. Ó máa ń fi àmì sílẹ̀ lára igi tí a kò kùn. Ìwé àlàyé inú páálí kò sọ nǹkan kan nípa oògùn fínfín, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń bà á jẹ́ jù; lẹ́tà rẹ̀ sì kéré débi pé àgbàlagbà ò lè kà á láìlo awò. Inú bí mi sí èyí. Ẹni tó ń ta májèlé fún àwọn onílé gbọ́dọ̀ kọ̀wé tí wọ́n lè kà.

Èyí tó jinlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ ni pé aáyán ń kọ́gbọ́n. Nígbà kan, àwọn jẹ́ẹ́lì tó ní ṣúgà glucose ń pa wọ́n dáadáa, kí ó tó di pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un. Ní 2013, àwọn onímọ̀ fi hàn pé nínú ẹnu irú àwọn aáyán bẹ́ẹ̀, ohun tó ń tọ́ ìkorò wò ti ń jẹ́ ìpè glucose, tí adùn fi di ìkorò lẹ́nu wọn. Ní 2019, àwọn ará Yunifásítì Purdue náà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn tó bá yè lẹ́yìn oògùn kan lè bí ọmọ tí oògùn mìíràn kò ní ràn. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ jẹ́ẹ́lì kọjá láìwò ó, ẹ má ra irú rẹ̀ mọ́. Ẹ ka ara páálí, kí ẹ mú èyí tí èròjà rẹ̀ yàtọ̀, bóyá fipronil, abamectin tàbí hydramethylnon. Páálí tí kò bá kọ orúkọ èròjà rẹ̀ síta, ẹ dá a padà sórí àtẹ.

Aáyán ńlá ń kọ́? Periplaneta americana ni, ó ń gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Kì í gbé ẹyin rẹ̀ kiri pẹ́, ṣe ló ń lẹ àpò náà mọ́ ibi ìkọ̀kọ̀. Irun kéékèèké ìdí rẹ̀ máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ bàtà kí bàtà tó balẹ̀, ó sì lè sáré tó mítà 1.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ yé lù ú. Ìta ló ti ń bọ̀. Ẹ fi ọmọrí sí ojú ìṣàn omi, ẹ dí ihò àyíká páìpù, kí ẹ sì rántí pé ó lè tẹ ara rẹ̀ pẹlẹbẹ gba àlàfo mìlímítà 3 kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó kán jẹ́ẹ́lì sí ibi tí ó ń gbà.

Nílé tí oníkọ́ fée bá wà, òkú aáyán kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Mo máa ń fi aṣọ tútù kó wọn, mi ò jẹ́ fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá wọn, kí eruku wọn má bàa gbéra, mo sì máa ń jẹ́ kí àbúrò mi kúrò níbẹ̀ ná. Mo máa ń yọ kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí n fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tí ìgbẹ́ wọn ti pọ̀. Ìyẹn ló gba agbára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ilé ìdáná wa ti mọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, páálí onígọ́ọ̀mù abẹ́ síǹkì ń wà lófìfo, àbúrò mi sì ń sùn mọ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síríǹjì tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé ẹnu rẹ̀, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ẹran ọ̀sìn ò lè dé. Ẹ má fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹrosíìnì tàbí agolo oògùn fínfín, nítorí tí òórùn wọn bá ti ràn án, aáyán ò ní jẹ ẹ́ mọ́.